Ìkéde fún ẹgbẹ́ ìyá: ìpàdé Ọjọ́rú yìí

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ọ̀fà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa.

Ìpàdé yìí kò ní rí bí a ti ń ṣe é. Kò sí owó ẹgbẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ àńkárá. Láti ìgbà tí mo ti sin ọmọ mi, ìjókòó ẹ̀yìn ni mò ń jókòó sí, tí mo ń fi ìborùn bojú bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.

A ó ka 1 Àwọn Ọba 19, níbi tí Èlíjà ti ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì kò bá a wí. Àkàrà orí ẹyín iná àti omi ló gbé fún un. Ó jẹ, ó sùn, wọ́n tún jí i, ó tún jẹ. Bí ìrètí tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ìyá kan gbé ànàmọ́ gbígbóná wá, kò ní kí n má sunkún.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọlọ́fọ̀ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń sọ pé kó kú, kó má dúró de Ọjọ́rú. Kó pè wá, a ó bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Aago 4 ìrọ̀lẹ́, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mú ife dání, ti ṣọ́ọ̀ṣì ò tó.

Akọ̀wé ẹgbẹ́