Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ ní Manchester

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé ọkọ rẹ ń yan àlè. Pẹ̀lẹ́, ọmọ ìyá mi. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí mo lè sọ lórí fóònù lọ, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

O ní ṣé ohun kan wà tí Ọlọ́run fẹ́ fi irú ìrora yìí kọ́ èèyàn ni? Àṣàkẹ́, mi ò gbà pé Ọlọ́run ló ń rán ọkọ níṣẹ́ àgbèrè. Nígbà tí tèmi tú síta, àwọn kan sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni, kí n gbààwẹ̀. Gbogbo wọn ń wá ẹlòmíì tí wọn ó di ẹ̀bi rù, wọ́n fi ẹni tó ṣe é sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ọlọ́run wá bá mi níbẹ̀. Sáàmù 55 ni mò ń kà lóru, ibi tí Dáfídì ti ní ká ní ọ̀tá ló gan òun ni, òun ì bá fara dà á, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tí àwọn jọ ń rìn lọ sílé Ọlọ́run ni. Orí bẹ́ńṣì kan náà lèmi àti bàbá àwọn ọmọ mi máa ń jókòó sí! Ibẹ̀ ni mo ti rí àyè sunkún nínú àdúrà.

Ṣùgbọ́n ìtàn Ọbà ló fi mí han ara mi. Ṣé o rántí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún wa: Ọbà ń wá ìfẹ́ Ṣàngó, orogún rẹ̀ tàn án, ó gé etí ara rẹ̀ sínú ọbẹ̀ ọkọ. Ṣàngó rí i, ó kórìíra rẹ̀, ó lé e jáde. Lọ́mọdé, ẹni tó tàn án là ń bínú sí. Etí yẹn ni mò ń rò báyìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí mo ti gé kúrò lára mi kí ilé lè tòrò: ẹgbẹ́ akọrin tí mo fi sílẹ̀, ẹ̀rín mi tí wọ́n ní ó ti pọ̀ jù. Ìbẹ̀rù ló wà nídìí rẹ̀, ìbẹ̀rù ọmọ tí bàbá rẹ̀ jáde nílé tí kò padà. Ó ti wà lára mi kí n tó mọ ọkọ mi rárá. Bó bá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bẹ̀ mí, kò lè bá mi mú un kúrò. Níwájú Ẹlẹ́dàá mi ni mo ti ń tú u palẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Mo ti padà sẹ́gbẹ́ akọrin. A ṣì jọ wà nílé kan náà. Mo ti dárí jì í lápá kan, lápá kejì mi ò tíì. Ẹni tó bá ní kí o yára dárí jì torí ọmọ, má dá a lóhùn.

Má ṣe ìpinnu kankan lọ́sẹ̀ yìí. Jẹun, kódà bó jẹ́ ògì lásán. Kí o sì lọ ṣe àyẹ̀wò HIV àti ti àwọn àrùn ìbálòpọ̀ yòókù. Ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ NHS, ètò ìlera ìjọba lọ́hùn-ún. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, tún padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Màá pè ọ́ lálẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tí a bá ti kọrin tán. Jọ̀ọ́, gbé fóònù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkún nìkan lo fẹ́ sun.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀ní