Eku Méjìlá Tó Ń Jẹ́ Max

Boston,
Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ìnáwó, o kú aáyan màmá. Mo ti sọ ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì ọjọ́ náà kò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ara mi, ká má tíì sọ pé ìwọ gbọ́ mi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o ká sílẹ̀ fún mi lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà àkọ́kọ́, mo sì bú sẹ́rìn-ín débi pé obìnrin tó jókòó tì mí dìde, ó wá ibòmíràn lọ. Ṣé pé wọ́n ti gbé pósí dé etí sàréè, pásítọ̀ ti ṣí Bíbélì, gbogbo ènìyàn ti dákẹ́ rọ́rọ́, ni fóònù Táíwò bá ké, ohùn màmá fúnra wọn ló sì jáde: “Gbé fóònù ẹ o! Àbí o ti kú ni?” Mo rántí ohùn yẹn dáadáa. Táíwò fi í hàn mí nígbà tí mo wálé, ó ní màmá ló fi dandan lé e pé ohùn àwọn ni kó máa dún tí àwọn bá pè é, torí kì í gbé fóònù wọn. Ta ló wá ń fi fóònù màmá pè é ní wákàtí yẹn? O ò sọ ìyẹn fún mi.

O ní o rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó sórí yẹ̀pẹ̀ tòun ti aṣọ funfun, àti pé láti ọjọ́ náà ìyá kékeré yín kò bá ọ sọ̀rọ̀. O wá bi mí bóyá orí ẹ pé. Mi ò tètè fèsì, torí mi ò fẹ́ sọ fún ọ lásán pé kó o má da ara ẹ láàmú. Àwọn ewì kan wà tí mò ń kà níbí. Jẹ́ kí n ròyìn wọn ná.

O mọ iṣẹ́ mi. Bí mo bá sọ fún àwọn ará ilé pé eku ni mò ń tọ́jú ní ilé ìwádìí, bàbá mi máa ń bi mí bóyá wọ́n ń sanwó fún un lóòótọ́. Mò ń pààrọ̀ ibùsùn wọn, mò ń fún wọn lóúnjẹ àti omi, mò ń kọ iye tó kú sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn kò nírun lára rárá. Wọ́n bí wọn láìní apá pàtàkì kan nínú ohun tí ara fi ń bá àìsàn jà, kí ara wọn má baà kọ jẹjẹrẹ ènìyàn tí wọ́n bá gbìn sí wọn lára. Ìbọ̀wọ́, ìbòmú, ìborí, aṣọ àwọ̀lékè: ká tó wọlé tọ̀ wọ́n, a ti di eégún.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fún mi ní ewì Max Ritvo. Ọmọ Los Angeles ni, ọdún 1990 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí wọ́n rí Ewing's sarcoma lára rẹ̀, jẹjẹrẹ kan tó máa ń mú àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní egungun. Ó lọ sí Yunifásítì Yale pẹ̀lú rẹ̀, ó bá ẹgbẹ́ aláwàdà ṣeré níbẹ̀, ó ń kọ ewì, ó ń gba ìtọ́jú. Ó kú lọ́dún 2016, lẹ́ni ọdún 25. Ìwé ewì rẹ̀ jáde lọ́dún yẹn kan náà, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àwọn eku ló kọ ewì yìí sí. Àwọn dókítà gé kókó jẹjẹrẹ rẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n gbìn ín sí egungun eku méjìlá, kí wọ́n lè kọ́kọ́ dán oògùn wò lára wọn. Oògùn jẹjẹrẹ, ìwọ náà mọ̀ pé májèlé tí a wọ̀n ni. Akéwì yìí kò lọ́mọ, ó wá sọ àwọn eku náà lórúkọ. Max ni gbogbo wọn. Max kìíní, Max kejì ló kọ́kọ́ pè wọ́n, nígbà tó yá ó yọ nọ́ńbà kúrò kí wọ́n má baà ní ó fẹ́ràn ẹnì kan ju ẹnì kan lọ, bíi baálé olórogún. Àjọkẹ́, nílé wa, eku wà lára ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọkùnrin yìí fi orúkọ ara rẹ̀ sọ eku! Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá dé ibi tó ti ní kókó náà ń fọ́ ẹsẹ̀ àwọn eku yẹn, tí wọ́n ń ṣẹ̀jẹ̀ kú, àti pé nígbà mìíràn àwọn dókítà fẹ́ máa gé ẹsẹ̀ náà kó tó fọ́, kí jẹjẹrẹ lè ráyè tàn ká. Ó wá fi kún un, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò, pé ẹsẹ̀ tòun méjèèjì ṣì wà.

Ẹ̀rín kò tíì kúrò lẹ́nu mi nígbà tí mo ka ibẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi ẹnu náà ṣe mọ́.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, mo dúró níwájú àgò kan, mi ò sì rántí ohun tí mo wá ṣe. Nọ́ńbà ni tiwọn, etí ni wọ́n so ó mọ́. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló kìlọ̀ fún mi nígbà tí mo dé pé kí n má sọ ìkankan lórúkọ.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni orúkọ àbíkú. Ṣé o rántí bàbá tó ń jẹ́ Kòsọ́kọ́ ládùúgbò wa, tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Màmá yín ló là wá lóye lọ́jọ́ kan, wọ́n sì fa etí wa: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ mọ́. Obìnrin tó ti sin ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, ló jókòó tó ń bá ikú dápàárá: ọkọ́ ti tán nílé wa o, má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu. Àkísàátán ńkọ́? Àkísà tí a ó fi di òkú ti tán. Gbogbo ọjọ́ ayé ọmọ náà ni wọ́n á máa fi àpárá yẹn pè é jẹun.

Ìyá kékeré yín á sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín. Mo gbà, àmọ́ bí òwe yẹn ṣe sọ ọ́, àfi bíi pé ẹkún ló kọ́kọ́ dé, tó rẹ̀ ẹ́, tí ẹ̀rín wá gba ipò rẹ̀. Ti Ritvo kò rí bẹ́ẹ̀, tìrẹ náà létí sàréè kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn màmá ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ohùn kan náà, ní ìṣẹ́jú kan náà, ló sọ fún ọ pé wọn ò ní pè ọ́ mọ́.

James Tate, akéwì Amẹ́ríkà mìíràn, náà wà. Ó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní yunifásítì tó wà ní Amherst, ó tó bíi wákàtí méjì sí ibí. Ọmọ oṣù mélòó kan ni nígbà tí bàbá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú ogun, kú lọ́dún 1944. Ewì tó kọ sí bàbá náà ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Nígbà tí ìwé tí ewì náà wà nínú rẹ̀ jáde lọ́dún 1967, ọmọ ti ju bàbá lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tó yá, ewì tó dà bí ìtàn apanilẹ́rìn-ín ló pọ̀ nínú ohun tó ń kọ. Nígbà tó kú lọ́dún 2015, wọ́n bá ewì kan nínú taipuráítà rẹ̀. Ó ń ka ohun tó gbé ṣe lọ́dún náà: òun ló borí níbi ìdíje àwọn tó ń jẹ hot dog. Rárá o, irọ́ ni, eré lòun ń ṣe. Bó ṣe ń tò ó lọ nìyẹn, títí ó fi ní òun fò kọjá lórí ìlú òun, òun ò sì dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọmọ awakọ̀ òfuurufú! Mo gbé fóònù sílẹ̀ níbẹ̀.

Má rò pé gbogbo wọn ló dùn mọ́ mi o. Àwọn kan wà tí ìlà mẹ́ta kò lè kọjá kí wọ́n má tíì dápàárá, bíi alága ìdúró tó rò pé bóun bá panu mọ́, owó òun á dín. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Lẹ́tà ló tún kù. Sarah Ruhl, tó ń kọ eré orí ìtàgé, tó kọ́ Ritvo ní Yale, tẹ àwọn lẹ́tà tí wọ́n kọ síra wọn jáde lọ́dún 2018. Mo ka díẹ̀, mo dúró, torí mo mọ ibi tí ó ń lọ. Mà á parí rẹ̀ tó bá yá.

Sọ fún Táíwò kó má ṣèèṣì pa ohùn màmá rẹ́. Kó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé òun ni yóò máa dún lórí fóònù mi nígbàkígbà tí ìwọ bá pè. Kó o wá pè mí lọ́jọ́bọ̀, tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Mi ò ní tètè gbé e.

Ọ̀rẹ́ ẹ,
Bísí