Ẹ jẹ́ kí fóònù náà gbọ́ Yorùbá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, mọ fóònù tẹ̀ jù mí lọ níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣùgbọ́n mo gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú rẹ̀, ó ní “pọ́ríìjì” ni. Ó dùn mí wọra.

Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò gbẹ́yìn rárá.

Mo wá fi fóònù kan náà gba àlọ́ ìjàpá sílẹ̀. Bí ohùn mi bá ti ní “Ààlọ́ o!”, ọmọ náà á fò sókè: “Ààlọ̀!” Ẹ̀yin olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ohùn àwọn ìyá àgbà sílẹ̀ fún kíláàsì yín. Tèmi ti wà ńlẹ̀.

Ìyá àgbà kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.