Ẹkún Ṣẹ̀gilọlá: lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù Manchester o. O ní kí n sọ ìwé tí mò ń kà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí fún ọ. Ṣẹ̀gilọlá ni o, ìwé àtijọ́ tí I. B. Thomas kọ! Lẹ́tà lẹ́tà ló ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti ọdún 1929, kó tó di odindi ìwé lọ́dún 1930. Arúgbó aláìsàn kan ló ń kọ̀wé sí olóòtú, tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tilẹ̀ ní oríkì tirẹ̀: Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Ẹgbẹ̀rún ọkọ kẹ̀! Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ìgbà náà ló gbà pé ẹni gidi ni. Bẹ́ẹ̀ Thomas tó ń kọ lẹ́tà náà ni olóòtú tí wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Màmá ń bó ẹ̀gúsí, mo ń kà á sí wọn létí. Tí mo bá dé ibi tí Ṣẹ̀gilọlá ti ń sunkún, tó ń fa ọ̀rọ̀ Bíbélì yọ, Màmá á máa bó ẹ̀gúsí wọn lọ. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin, ọwọ́ á dúró. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Ṣé ẹni tó kábàámọ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń dùn tó báyìí?” Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Èmi náà ò gba ẹkún yẹn gbọ́. Orin ìlú Èkó tó ń dá láàárín ìtàn ni mo gbà gbọ́.

Ohun tó bí mi nínú ni pé ọkùnrin ló fi gbogbo àbámọ̀ yẹn sí i lẹ́nu. Àwọn ẹgbẹ̀rún ọkọ náà ńkọ́? Ta ni nínú wọn ló kọ̀wé sí olóòtú?

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo mú Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, pé kí n fi sinmi. Ìsinmi wo! Lápàdé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, kò jókòó jẹ́ẹ́. Òun àti Tàfá Ìgírípá ń lé ọ̀daràn kiri. Láti 1969 ni ìwé náà ti jáde, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣì gbóná bíi ti àwọn ọmọ gáréèjì.

Ti Fágúnwà ni mi ò parí. Ògbójú Ọdẹ dùn mọ́ mi títí wọ́n fi dé Òkè Láńgbòdó, tí Ìrágbèje kó wọn jókòó, tó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé mi lọ. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ọkọ rẹ gbọ́.

Àǹtí mi ń bọ̀ lọ́hùn-ún lóṣù tó ń bọ̀, màá fi Ṣẹ̀gilọlá rán wọn sí ọ. Èyí tí Karin Barber tún gbé jáde lọ́dún 2012 ni, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà gbé e síbi tí ọwọ́ àwọn ìbejì ò ti ní tó o. Tí o bá kà á tán, kọ̀wé sí mi bóyá ìwọ gba ẹkún rẹ̀ gbọ́. Má sì yá ẹnikẹ́ni, pàápàá ẹni tó bá ní òun á dá a padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Tọ́pẹ́