Ẹ má fi dókítà eyín dẹ́rù ba ọmọdé mọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré ni mí, ọ̀rọ̀ eyín wọn ló sì mú mi kọ̀wé yìí. Ọ̀pọ̀ òbí kì í rántí dókítà eyín àfi ìgbà tí ọmọ bá kọ̀ tí kò fọ ẹnu: "Máa ṣe é lọ, wọ́n á fi ẹ̀mú yọ eyín ẹ dànù!" Ẹ̀rù nìkan lọmọ ń rí kọ́ níbẹ̀. Bí eyín bá wá ń dùn ún lóòótọ́, á pa á mọ́ra, kí wọ́n má baà gbé e lọ sídìí ẹ̀mú.

Eré ni èmi fi ń kọ́ tèmi. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti ìbọ̀wọ́. Ọmọ kan á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, á ya ìka rẹ̀, a ó fi ọ̀dà tí wọ́n fi ń yàwòrán kun àárín àwọn ìka náà, á wá pa wọ́n pọ̀ pinpin. Ìka ti di eyín nìyẹn. Ọmọ kejì á mú búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ, á máa fọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin kan fọ̀ ọ́ títí, ó fọwọ́ sọ̀yà pé ó ti mọ́. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ la ìka, ọ̀dà pupa ṣì wà níbẹ̀ rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́. Ọmọ yìí lanu, kò lè pa á dé. Òun fúnra rẹ̀ ló bèèrè ohun tó lè dé ibẹ̀. Mo fún un ní òwú, ó ń fà á lọ, ó ń fà á bọ̀, ọ̀dà ń bá òwú jáde.

Ti ẹyin tí a rẹ sínú fínígà, omi kíkan yẹn, náà dára: èèpo ẹyin ló dúró fún eyín. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ásíìdì ti jẹ èèpo rẹ̀, ó ti rọ̀. Ẹ ṣáà ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe fínígà ló wà lẹ́nu wa o: àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ara eyín ló ń sọ ṣúgà tí a jẹ di ásíìdì. Láìsí àlàyé yìí, idán lásán ni wọ́n wò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, dígí kékeré nìkan ló gbà. Eyín èwe jẹ́ 20, 10 lókè, 10 nísàlẹ̀. Bí ọmọ bá ti pé ọdún 5, ẹ jẹ́ kó máa ka tirẹ̀ níwájú dígí. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6, eyín ńlá mẹ́rin á yọ lẹ́yìn èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá, láìjẹ́ pé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ká. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé wọ́n ṣì máa ká, wọn kì í sì bìkítà bí kòkòrò bá ń jẹ wọ́n. Eyín àgbà ni! Bó bá bàjẹ́, kò sí òmíràn tó máa rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó fúnra rẹ̀ rí eyín tuntun nínú dígí á máa fi yangàn, kò ní í fẹ́ kí nǹkan kan ṣe é.

Ní ti fífọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, ìṣẹ́jú 2 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣẹ̀dá orin tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Fún ọmọ ọdún 3 sókè, kí ọṣẹ ìfọyín má ju èékánná ọmọńdinrín rẹ̀ lọ. Kí àgbàlagbà sì máa bá a parí fífọ̀ náà títí yóò fi pé ọdún 7, ó kéré tán.

Olóòtú, 20 oṣù kẹta ọdọọdún ni Àyájọ́ Ìlera Ẹnu Lágbàáyé. Kó tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya ẹnu tó ní eyín 20 sí ojú ewé àwọn ọmọdé, kí ọmọ máa fi pẹ́ńsùlù kun eyín tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá dé. Kí àwòrán náà tóbi, kí ẹ̀yìn eyín náà hàn, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fò jù.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ọmọ kékeré