Kantíkantí inú ìgò kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀bùn

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, nínú èyí tí wọ́n ti bínú pé olùkọ́ ní kí ọmọ wọn kó máńgòrò jíjẹrà sínú ìgò kí kantíkantí lè yé ẹyin sí i. Wọ́n ní ẹ̀gbin ni, wọ́n sì béèrè ohun tí ọmọ ènìyàn fẹ́ kọ́ lára kòkòrò tí a ń fọwọ́ lé kúrò lẹ́nu akèrègbè ẹmu. Èmi kọ́ ni mo fún ọmọ náà níṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlú yìí, ìbéèrè wọn sì tó dáhùn.

Kí á kọ́kọ́ mọ̀ pé kantíkantí yìí kọ́ ni eṣinṣin tó ń ba máńgòrò wa jẹ́ lórí igi. Ìyẹn tóbi jù ú lọ, ìran rẹ̀ sì yàtọ̀. Èso tó ti ń kan ni kantíkantí ń wá, nítorí ìwúkàrà tó ń hù lára rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹyin rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìlàjì mìlímítà lọ, síbẹ̀ láàárín bí ọjọ́ kan, ìdin á ti jáde nínú rẹ̀, nígbà tó bá sì fi máa tó bí ọjọ́ mẹ́wàá, kantíkantí tuntun á ti máa fò. Láti ara sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù lọ tó wà láàyè nínú ara, tó ń pín di púpọ̀, ni orí, ìyẹ́, ojú àti ẹsẹ̀ mẹ́fà ti wá, ẹsẹ̀ kò sì hù síbi tó yẹ kí ìyẹ́ wà. Ta ló sọ fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ibi tó wà àti ohun tó máa dà?

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ló ń pàrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Purotéènì, ìyẹn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ń ṣe, ni àrokò náà, oníbodè tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́nu ibodè sẹ́ẹ̀lì tó máa gbà á. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní irú oníbodè bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ọ̀rọ̀ náà á kọjá lára rẹ̀. Bí oníbodè bá ti gba àrokò náà, àwọn ìránṣẹ́ inú ilé á máa gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn títí tó fi máa dé ibi tí àwọn jíìnì, ìyẹn ìlànà àjogúnbá tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe, wà, tí wọ́n á ti ṣí àwọn kan, tí wọ́n á sì ti àwọn mìíràn. Iye rẹ̀ pàápàá nítumọ̀. A mọ̀ pé owó ẹyọ mẹ́fà nínú àrokò ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ, mẹ́jọ sì ń wí pé a jọra. Bákan náà ni sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ń gba púpọ̀, tí èyí tó jìnnà ń gba díẹ̀, tí kálukú sì ń tipa bẹ́ẹ̀ mọ ibi tó wà.

Ní ìlú Heidelberg ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Christiane Nüsslein-Volhard àti Eric Wieschaus, fi kẹ́míkà ba jíìnì kantíkantí jẹ́, wọ́n sì ń fi máíkírósíkóòpù wo ìdin wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ikùn ìdin tó pé, ìkọ́ wẹ́wẹ́ tó fi ń fà wà ní ìlà-ìlà, awọ dídán sì wà láàárín wọn. Nígbà tí jíìnì kan bàjẹ́, awọ dídán náà pòórá, ìkọ́ sì bo gbogbo ikùn. Wọ́n sọ jíìnì náà ní hedgehog, orúkọ ẹranko kékeré kan tó lẹ́gùn-ún lára bí òòrẹ̀. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1980, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1995 pẹ̀lú Edward Lewis, onímọ̀ kantíkantí ará Amẹ́ríkà. Purotéènì tí jíìnì náà ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ṣe jẹ́ àrokò, hedgehog náà ni wọ́n ń pè é. Sẹ́ẹ̀lì tó ń fi hedgehog ránṣẹ́ kọjú sí èyí tó ń fi àrokò mìíràn, wingless, ránṣẹ́. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, èkejì náà á dákẹ́.

Oníbodè hedgehog ni mo fẹ́ kí bàbá náà ronú sí. Patched ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó má jẹ́ kí ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Smoothened mira. Bí hedgehog bá dé, tó sì gbá Patched mú, ọwọ́ Patched á kúrò, Smoothened á sì gbéra. Àwa ènìyàn náà ní Patched. Bí ó bá bàjẹ́, Smoothened á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé àrokò ń dé lójoojúmọ́, sẹ́ẹ̀lì á máa pín láìdúró, irú jẹjẹrẹ awọ ara kan sì lè ti ibẹ̀ wá. Ní 2012, wọ́n fọwọ́ sí oògùn kan ní Amẹ́ríkà tó ń di Smoothened mú.

Ṣáájú ìgbà náà, àwọn àgùntàn kan ní Idaho ní Amẹ́ríkà ń bí ọmọ olójú kan ṣoṣo láàárín iwájú orí. Ewé kan tí ìyá wọn jẹ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá oyún ló fà á, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé Smoothened yìí gan-an ni oró ewé náà ń dè mọ́lẹ̀. Èmi tí mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ gún ìyá tó bí ọmọ tí ojú rẹ̀ kò pé, tí wọ́n ní ó rìn lọ́sàn-án gangan ni, n kò lè ka ọ̀rọ̀ àgùntàn wọ̀nyí kí n má rántí irú ìyá bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé ewé ló fa ti gbogbo wọn o.

Ti òórùn ni mo gbà pẹ̀lú bàbá náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kì í rùn tó máńgòrò. Kí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so ẹnu ìgò náà, kí wọ́n sì gbé e sí ẹ̀yìnkùlé. Ní bí ọjọ́ kẹfà, wọ́n á rí ìdin tó ti gun ara ìgò lọ sókè, tó ti gan síbẹ̀, tó sì ti di kóró rúsúrúsú. Lọ́jọ́ tí kóró náà bá ṣú dúdú, kí wọ́n pe ọmọ wọn, kí wọ́n jọ gbé ìgò náà sí ìmọ́lẹ̀: wọ́n á rí ìyẹ́ méjèèjì ní kíká nínú rẹ̀ láti ìta.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè kan,
Ògbómọ̀ṣọ́.