Àìríṣẹ́ṣe ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, nítorí inú ń bí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ àbúrò mi obìnrin já wọlé tọ̀ mí wá ní Bódìjà láti Èkó, òun àti báàgì kan ṣoṣo. WhatsApp ni wọ́n fi lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: kò bá target oṣù náà, kó má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Oṣù 14 ló lò níbẹ̀. Nígbà tó pe ọ̀gá rẹ̀, èsì tó gbọ́ kò ju èyí tí ọ̀gá ọ̀hún ti ń sọ fún gbogbo wọn látìgbà tó débẹ̀: "Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà ní géètì tó ń wá àga tí o jókòó lé."

Ẹ mọ irú iṣẹ́ tí mò ń wí, iṣẹ́ ká máa pe èèyàn lórí fóònù láti tajà. Àwọn ni wọ́n ń pè wá nígbà tá a bá wà nínú dánfó, tí wọ́n ń ta ìnṣọ́ránsì tàbí owó èlé. Mi ò ní purọ́, èmi náà ti jágbe mọ́ wọn rí. Mi ò mọ̀ pé ọmọ ilé wa wà nínú wọn. Báwo ni mo tiẹ̀ ṣe fẹ́ mọ̀? Jennifer ni wọ́n ní kó máa pe ara rẹ̀, wọ́n ní orúkọ tí ìyá mi sọ ọ́ ti gùn jù fún kọ́sítọ́mà.

Báǹkì tó ń bá tajà kọ́ ló gbà á. Iléeṣẹ́ alágbàtà kan ló gbà á síṣẹ́ tó fi í ṣọwọ́ sí báǹkì. Báǹkì á sanwó fún alágbàtà, alágbàtà á yọ tiẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù lọmọ á gbà. Bí ọ̀rọ̀ bá wá bẹ́yìn yọ, báǹkì á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, alágbàtà á ní báǹkì ló pàṣẹ. Fóòmù tó wà létí headset tí wọ́n fún un ti jẹ tán, áńkáṣíìfù ló fi wé e. Bó bá dìde lọ tọ̀, aago pupa á máa kà lójú kọ̀ǹpútà. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á gé e nínú owó rẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀? Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà ní géètì.

Àwọn aláṣẹ wa ńkọ́? Ìparí ọdún 2020, àjọ oníṣirò NBS ní ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ríṣẹ́. Lọ́dún 2023, wọ́n yí ọ̀nà ìṣirò padà, ó di 4.1. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ olówó fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, ó ti ríṣẹ́ nìyẹn! Kí wọ́n wá bá wa ka àwọn tó wà ní géètì yẹn.

Ẹgbẹ̀rún 35 náírà ni owó oṣù tó dájú, ìyókù di kọ́míṣàn. Mo ní ṣé ìjọba ò ní ẹgbẹ̀rún 70 ló kéré jù láti 2024 ni? Lọ́yà kan ládùúgbò wa ló là mí lójú. Ó ní òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti 2019 yọ àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi kọ́míṣàn sanwó sílẹ̀. Abẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n sá sí. Nígbà tí wọ́n tún òfin ọ̀hún ṣe ní 2024, owó ni wọ́n fi kún, wọ́n sì dín ọdún àtúnyẹ̀wò kù láti márùn-ún sí mẹ́ta.

Ohun tí mò ń bẹ àwọn aṣòfin ni kí wọ́n pa ìlà tó yọ àwọn oníkọ́míṣàn sílẹ̀ yẹn rẹ́. Ẹni tó ní àga, tó ní wákàtí tó gbọ́dọ̀ dé, tí ọ̀gá dúró lé lórí, òṣìṣẹ́ olóṣù ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ ka ẹgbẹ̀rún 70 rẹ̀ fún un, kí kọ́míṣàn wá gùn ún lórí. Èènì ni kọ́míṣàn. Alátà wo ló ń fúnni léènì láìtíì wọn ata? Kí báǹkì náà sì buwọ́ lu ìwé ìgbàsíṣẹ́ pẹ̀lú alágbàtà, tí alágbàtà bá jẹ owó, kí báǹkì san án. Ẹ máa rí i, wọn ò ní fi WhatsApp lé ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí NLC, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, náà jí. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀, kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ STOP ránṣẹ́ sí nọ́ńbà 2442, kó yéé bú ọmọ ọlọ́mọ.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, Jennifer wà ní pálọ̀, ó ń fi fóònù kọ̀wé sí alágbàtà mìíràn n'Íkẹjà. Wọ́n ní kó wá dúró ní géètì lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, aago méje àárọ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Bódìjà, Ìbàdàn.